Píníọ̀nù eyín mẹ́sàn-án méjì, ọ̀kan ṣoṣo ló bá kíráwùn mi mu

Ariwo ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ọmọ mi àgbà tẹ ìdarí ọwọ́ rẹ̀, ọkọ̀ ìṣeré náà fò síwájú, ó wá ń ké bí ìgbà tí èèyàn ń fi ṣíbí irin ha ìdí ìkòkò. Kò tíì yípo lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tó fi dúró. Ẹ́ńjìnnì ń yí, táyà ò yí. Nígbà tí mo tú ìdí rẹ̀, eyín kíráwùn, ìyẹn gíà ńlá onike tó wà lára ásù (irin tó gbé táyà), ti run bí àgbàdo tí eku wọ̀.

Ẹni tí kò bá mọ slot car, ọkọ̀ kékeré ni, iná ló ń lé e sáré lórí ọ̀nà tí wọ́n la ojú tóóró sí láàárín. Irin méjì tó gbé iná wà ní ẹ̀gbẹ́ ojú náà. Ọdún 1957 ni Scalextric jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n mi ló kó tiwa wá láti Lọ́ńdọ̀nù, a sì tẹ́ ẹ sí pálọ̀ wa ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta. Volt 12 ló ń lò, nítorí náà bátìrì ọkọ̀ la so ó mọ́, a fi fíúsì sí i láàárín. Bí wọ́n bá mú iná lọ, eré ò dúró.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ra píníọ̀nù, ìyẹn gíà kékeré orí ṣáàfù ẹ́ńjìnnì, tó ba kíráwùn yẹn jẹ́. Ọlọ́jà náà kọ ọ́ sára ọ̀rá rẹ̀ pé eyín 9, ihò 2 mm, ti slot car. Gbogbo rẹ̀ jóòótọ́. Eyín mẹ́sàn-án ni mo kà, ó sì wọ ṣáàfù ẹ́ńjìnnì wa pinpin. Ohun tí kò kọ síbẹ̀ ló dá wa lóró.

Mo kó tuntun àti ògbólógbòó lọ bá bàbá kan tó ń tún aago ṣe ní Sápọ́n, torí òun ni mo mọ̀ tó ní vernier (irin tí wọ́n fi ń wọn nǹkan kéékèèké) tó dáa, tí ojú rẹ̀ sì mọ gíà kéékèèké. Bàbá gbé méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ ti ka eyín, ṣùgbọ́n ẹ ò wọ̀n ọ́n." Wọ́n wọn ògbólógbòó láti etí dé etí: 5.5 mm. Wọ́n wọn tuntun: 4.4 mm.

Fisíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, nítorí náà mo délé, mo mú bírò. Ẹ fi 2 kún iye eyín, kí ẹ wá fi ohun tó jáde pín ìwọ̀n etí-dé-etí. 5.5 tí a fi 11 pín jẹ́ 0.5. 4.4 tí a fi 11 pín jẹ́ 0.4. Nọ́ńbà yìí ni wọ́n ń pè ní module, òun ló sọ bí eyín kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Bí ti méjì bá yàtọ̀, wọn ò ní wọnú ara wọn láéláé. Èyí tó jẹ́ idẹ á jẹ èyí tó jẹ́ ike. Àwọn tó ń ta gíà slot car 1/24 (tí ọkọ̀ gidi fi ìlọ́po 24 gùn jù ú lọ) máa ń kọ pitch dípò rẹ̀, bíi 48, 64 tàbí 72: bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni eyín ń kéré. Ẹ fi 64 pín 25.4, iye mm tó wà nínú ínṣì kan, ẹ máa rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.4. Ìran píníọ̀nù tí wọ́n tà fún mi nìyẹn.

Mẹkáníìkì tó ń tún ìdí ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ní Láfẹ́nwá kì í ra kíráwùn kó má ra píníọ̀nù rẹ̀ pọ̀. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ra ti Slot.it, ilé-iṣẹ́ Ítálì: píníọ̀nù idẹ eyín 9, 5.5 mm, àti kíráwùn eyín 27 tó wọ ásù 2.38 mm. Ó wù mí gidi. Ìdè (skúrù) kékeré kan ló di kíráwùn mú, èèyàn lè tì í sọ́tùn-ún sósì lórí ásù títí yóò fi jókòó. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo fi sáàárín eyín méjèèjì kí n tó dè é, mo wá fa bébà náà yọ. Mo fi gírísì díẹ̀ sí i, mo jẹ́ kó yí jẹ́jẹ́ lórí volt 4 fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ariwo yẹn ò sí mọ́.

Ẹ̀sùn mi méjì: owó tí wọ́n fi fi í ránṣẹ́ ju owó gíà lọ, Allen key tí wọ́n fi ń yí ìdè náà ò sì sí nínú ọ̀rá. Píníọ̀nù náà fẹ́ ohun tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ẹ má fi òòlù gbá a, ṣáàfù á tẹ̀. Bàbá Sápọ́n ló bá mi tẹ̀ ẹ́, wọn ò gbowó.

27 sí 9 túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ mi fẹ́ ká ra kíráwùn 26 tẹ̀ lé e, torí bí eyín kíráwùn bá dín, ọkọ̀ á lè sáré sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wa kúrú, ó sì kún fún kọ́nà. Ohun tó máa gbéra kíákíá tó sì máa tètè dúró ló yẹ wá, nítorí náà 28 ni mo ní kí wọ́n fi ránṣẹ́. Module rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ bi ọlọ́jà.