Limited tàbí Standard: èwo nínú ẹ̀yáwó 203(k) ló yẹ ilé tí ẹ fẹ́ rà?

Ẹni tó bá ti ń wá ilé àtijọ́ rà ní Amẹ́ríkà ti mọ̀ pé 203(k), ẹ̀yáwó tí FHA (àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ínṣọ́ránsì ẹ̀yáwó ilé) ń dúró fún, máa ń pa owó ilé àti owó àtúnṣe pọ̀ sójú kan, pé owó àkọ́san rẹ̀ lè kéré tó 3.5%, àti pé ẹ gbọ́dọ̀ gbé inú ilé náà fúnra yín. N kò ní tún ìyẹn sọ. Mo ti gba oríṣi méjèèjì: Limited fún ilé tí mo kọ́kọ́ rà, Standard fún èyí tí mo rà nígbà tí mo ta ìyẹn.

Owó àtúnṣe nínú Limited kò gbọdọ̀ ju 75,000 dọ́là lọ láti ìparí 2024. 35,000 ni nígbà tèmi. Standard bẹ̀rẹ̀ láti 5,000, òdiwọ̀n ẹ̀yáwó tí FHA fi lélẹ̀ fún káńtì (ìjọba ìbílẹ̀) tí ilé wà ló sì ń dá a dúró lókè. Oṣù 9 ni Limited fún yín láti parí iṣẹ́, Standard fún yín ní 12. Owó ínṣọ́ránsì tí ẹ ó san níbẹ̀rẹ̀, 1.75% ẹ̀yáwó, kò yàtọ̀ nínú méjèèjì. Ní ti ìwé kíkọ, Limited fúyẹ́ jù, ó sì yá jù.

Ọ̀rọ̀ tó kó mi sí gbèsè nìyí. Limited kò gbà kí ẹ fọwọ́ kan ohun tó gbé ilé dúró: ìpìlẹ̀, òpó, igi tó gbé ilẹ̀ ilé ró. Mo ka òfin yẹn kí n tó buwọ́ lùwé, mo sì rò pé kò kàn mí, torí balùwẹ̀ àti ilé ìdáná nìkan ni mo fẹ́ tún ṣe. Ní ọjọ́ kẹta, agbaṣẹ́ṣe pè mí pé kí n máa bọ̀. Wọ́n ti hú táìlì balùwẹ̀. Omi tó ti ń jò lábẹ́ ibẹ̀ láti ọdún pípẹ́ ti mú kí mẹ́rin nínú igi tó gbé ilẹ̀ ró jẹrà. Ìka lásán lẹ lè fi họ wọ́n.

Ọkàn mi kọ́kọ́ balẹ̀, torí a ti ya owó sọ́tọ̀ nínú ẹ̀yáwó náà fún ohun àìròtẹ́lẹ̀. Báǹkì ní kò ṣeé ná sórí iṣẹ́ tí Limited kò gbà, àti pé a ti buwọ́ lu ìwé ẹ̀yáwó tán, kò ṣeé sọ di Standard mọ́. Ọ̀sẹ̀ méje ni iṣẹ́ fi dúró. Mò ń san owó ilé tí mo háyà, mò ń san mọ́géèjì ilé tí kò ṣeé gbé, ẹ̀gbọ́n mi ló yá mi lówó igi. Limited gbà kí agbaṣẹ́ṣe gba tó ìdajì owó ṣáájú fún ohun èlò. Tèmi ti gbà á, ó sì ti bá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Nínú Standard, ẹ lè fi mọ́géèjì oṣù tí ilé kò bá ṣeé gbé kún ẹ̀yáwó. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n lè tú owó sílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ iṣẹ́ wò, wọ́n á sì dá 10% dúró títí iṣẹ́ á fi parí. Dandan sì ni alámọ̀ràn tí HUD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, fọwọ́ sí. Ẹ ó sanwó rẹ̀, ó ń fa ọjọ́ gùn, ó ní ìwé púpọ̀.

Bí ilé kò bá tíì dàgbà, tó jẹ́ ọ̀dà, fèrèsé tàbí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ fẹ́ pààrọ̀, Limited tó. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni yóò bá ṣí ilẹ̀ tàbí ògiri, tàbí tí ẹ rí àbàwọ́n omi níbikíbi, ẹ bi báǹkì nípa Standard kí ẹ tó fún wọn ní ìwé kankan. Nígbà tí mo fẹ́ ra ilé kejì, alámọ̀ràn wọ abẹ́ ilé pẹ̀lú iná, ó ń fi ṣúkúdíráfà gún igi kọ̀ọ̀kan. Méjì gbà á wọlé. Ó kọ wọ́n sílẹ̀, owó wọn sì ti wà nínú ẹ̀yáwó kí n tó buwọ́ lùwé.