Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi wo ọ̀rọ̀ ẹnu Àbẹ̀ní ní Guangzhou

Ó ti tó ọdún 9 tí mo ti wà ní Guangzhou, ṣòkòtò jíǹsì ni mò ń kó ránṣẹ́ sí Èkó. Ọmọ Harbin ni ìyàwó mi, lápá àríwá Ṣáínà lọ́hùn-ún níbi tí òtútù ti ń pààyàn, Mandarin tí wọ́n ń pè ní Putonghua sì ni èdè ilé wa. Èmi nìkan ni mò ń bá ọmọ wa sọ Yorùbá. Niūniu ni ìyá ìyàwó mi ń pè é, Àbẹ̀ní lèmi ń pè é, ó sì ń dá àwa méjèèjì lóhùn.

Mò ń kọ èyí nítorí àwọn òbí tí ọmọ wọn ń gbọ́ Mandarin látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣàníyàn bóyá ọ̀rọ̀ ń yọ lẹ́nu ọmọ náà bó ṣe yẹ. Fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n fi ń wò ó. A ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì báyìí, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe rí fún wa.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé wa dé ìdí ẹ̀. Nígbà tí Àbẹ̀ní pé oṣù 19, a gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Ọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì níbẹ̀ pàtẹ́wọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó fi àwòrán ajá hàn án, ó ní kí lèyí? Ọmọ fi ojú pamọ́ sí èjìká mi. Ó tún fi bọ́ọ̀lù hàn án, kò dáhùn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò pé tó fi kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pẹ́ jù, ó wá yíjú sí mi pé kí n yé sọ èdè tèmi sí i, èdè kan ṣoṣo ni kó wà nínú ilé.

Mo gbà á gbọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mi ò fi sọ Yorùbá sí ọmọ mi. Tí mo bá ti ọjà dé lálẹ́, á na ọwọ́ méjèèjì sókè, á ní "pọ̀n", èmi á sì fi èdè ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. Á tún sọ ọ́, á tún wò mí lójú. Títí di òní, ibẹ̀ ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí irọ́ ni. Pé ọmọ ń gbọ́ èdè méjì kọ́ ló ń mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ́.

Màmá ìyàwó mi tó wá láti Harbin láti bá wa tọ́jú ọmọ ò tiẹ̀ mikàn. Wọ́n ní àwọn àgbà ilẹ̀ wọn máa ń sọ pé "guìrén yǔ chí", ìyẹn ni pé ẹni tó máa di ẹni ńlá kì í tètè sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ní òun ò ní fi òwe tọ́ ọmọ. Òun ló wá ẹ̀ka ìlera ọmọdé ní ilé ìwòsàn ńlá kan rí, ibẹ̀ la sì ti bá fọ́ọ̀mù náà pàdé.

Hànyǔ Gōutōng Fāzhǎn Liàngbiǎo ni wọ́n ń pè é, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ọmọ ṣe ń kọ́ láti bánisọ̀rọ̀ ní èdè Ṣáínà. CCDI ni àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ ń pè é. Orírun rẹ̀ wá láti Amẹ́ríkà, lára ìwé ìbéèrè MacArthur-Bates tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n wọn ò kàn tú ti Gẹ̀ẹ́sì sí Mandarin kí wọ́n wá máa tà á. Twila Tardif, onímọ̀ nípa bí ọmọ ṣe ń kọ́ èdè láti Yunifásítì Michigan, Paul Fletcher tóun náà jẹ́ onímọ̀ èdè, àti àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Beijing bíi Liang Weilan ni wọ́n jọ ṣe é, ó jáde lọ́dún 2008. Ọ̀kan wà fún Putonghua, ọ̀kan wà fún Cantonese, ìyẹn èdè àwọn ará Guangzhou níbí àti Hong Kong. Fún ti Putonghua, lára àwọn ọmọ Beijing tó lé ní 1,600 ni wọ́n ti mọ iye ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń wà lẹ́nu ọmọ ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Ọmọ oṣù 8 sí 16 ní tiẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń bèèrè ohun tí ọmọ ń gbọ́ yé, ohun tó ń sọ, àti bó ṣe ń na ìka tàbí juwọ́. Ọmọ oṣù 16 sí 30 ní tiẹ̀ náà, ohun tó ń jáde lẹ́nu nìkan ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Èyí ni wọ́n ṣe fún wa.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára ẹ̀ ni pé kò bi ọmọ ní ohunkóhun. Ẹni tó ń bá ọmọ gbélé ni wọ́n ń bi. Abẹ́ tábìlì ni Àbẹ̀ní wà, ó ń fi ìdérí ike omi ṣeré, nígbà tí nọ́ọ̀sì ń ka ọ̀rọ̀ jáde fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé ó ń sọ èyí? Ṣé ó ń sọ tọ̀hún? Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sún mọ́ 800. Ẹranko, ọkọ̀, oúnjẹ, ẹ̀yà ara, aṣọ, ohun èlò ilé, orúkọ ẹbí, ohun tí èèyàn ń ṣe. Ó lé ní wákàtí kan kí a tó parí, ọ̀nà ọ̀fun nọ́ọ̀sì náà gbẹ, síbẹ̀ kò kánjú. Ó sì ṣàlàyé fún wa pé tí ọmọ bá ń fi ẹnu ọmọdé pe ọ̀rọ̀ náà, tí kò pè é geere bí àgbà, kí a kà á.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mi ò mọ ọmọ mi tán. Láago méje àárọ̀ ni èmi àti ìyàwó mi ti ń jáde lọ sọ́jà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé orí diàntī, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbéni lọ sókè ilé, àwa méjèèjì mi orí pé rárá. Màmá ní ó ń sọ ọ́, pé "tī, tī" ló máa ń pariwo lójoojúmọ́ tí àwọn bá ti dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ìrẹsì, fún ẹyẹlé, fún ọ̀rọ̀ tó tó mẹ́rìnlá tí àwa ò gbọ́ rí. Tí àwa méjì bá dá lọ ni, a ò bá ti fi àìmọ̀ tiwa bu ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń tọ́jú ọmọ lọ́sàn-án ni kí ẹ mú lọ.

Wọ́n tún ro ti èdè fúnra rẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ ìṣe pọ̀ níbẹ̀. Tardif ti fi hàn tipẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìṣe máa ń tètè pọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ tó ń sọ Mandarin ju ti àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lọ, ẹni tó bá sì wọ ilé wa lásìkò oúnjẹ á mọ ìdí ẹ̀. "Chī bu chī?" ni màmá máa ń bi í. Jẹ, tàbí má jẹ? Kò sí "ìwọ" níbẹ̀, kò sí orúkọ oúnjẹ, ọ̀rọ̀ ìṣe náà ló dá dúró, òun nìkan ló ń dún sí ọmọ létí. Orúkọ ẹbí náà pọ̀, ó sì yẹ kó pọ̀, torí Mandarin kì í fi orúkọ kan pe ìyá ìyá àti ìyá bàbá. Lǎolao ni ìyá ìyá, nǎinai ni ìyá bàbá, yéye ni bàbá bàbá.

Orí yéye yìí ni ìjà díẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì kà á, màmá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń sọ ọ́ gan-an, alaalẹ́ ló ń sọ ọ́ sínú fóònù. Mo ní rárá o. Ìyá mi tó wà ní Iléṣà ló ń pè. Yèyé là ń pe ìyá níbẹ̀, bí ìyá mi ṣe kọ́ ọ lórí WeChat nìyẹn. Bàbá mi ti kú kí n tó fi Nàìjíríà sílẹ̀, ọmọ náà ò mọ bàbá àgbà kankan níhà tèmi. Nọ́ọ̀sì ní ká pe méjèèjì fún òun. Mo pe tèmi, màmá pe tiwọn: tèmi bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ó fò sókè, tiwọn gun òkè díẹ̀díẹ̀ ó sì rọ̀ sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Létí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, ọ̀kan náà ni. Nọ́ọ̀sì ronú, ó ní ohun tí ọmọ ní lọ́kàn nígbà tó ń sọ ọ́ ni àwọn ń kà, kò sì máàkì yéye. Ìpinnu tó tọ́ ni, mo sì yìn ín.

Ṣùgbọ́n níbo ni Yèyé wá máa wọ̀? Kò síbi kankan fún un. Àléébù tó tóbi jù nínú fọ́ọ̀mù yìí nìyẹn fún irú ilé tiwa. Ọ̀rọ̀ Mandarin 61 la rí lẹ́nu Àbẹ̀ní lọ́jọ́ náà, nígbà tí wọ́n sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Beijing, ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà. Ojú ìyàwó mi pọ́n. Nígbà náà ni dókítà bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí rí: ọ̀rọ̀ mélòó ló ń sọ ní èdè bàbá rẹ̀? A jókòó kà á lórí ìka. Omi, jẹ, pọ̀n, wá, ó tì, Yèyé, bàtà, gbà... ó di 27. Dókítà ní wọ́n ò lè fi 27 yìí kún tábìlì náà, ìyẹn ìwé iye ọ̀rọ̀ ọmọ ní oṣù kọ̀ọ̀kan, torí ọmọ elédè kan ni wọ́n fi ṣe é, àmọ́ òun ò ní ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Orí ọmọ kan ṣoṣo ló gbé méjèèjì dání. Ó ní kí n padà sí Yorùbá mi lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Lẹ́yìn náà ó rán wa lọ yẹ etí wò kó tó sọ ohunkóhun mìíràn. Ó yé mi pé fọ́ọ̀mù yìí ń tọ́ka ni, kì í ṣe òun ló ń sọ ohun tó ń ṣe ọmọ. Ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa àti ọmọ tó kàn ń fi sùúrù kó ọ̀rọ̀ jọ lè gba iye kan náà níbẹ̀. Etí Àbẹ̀ní pé, a dúpẹ́. Wọ́n ní ká padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ohun kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí wọ́n fi kún un, ìyẹn ni ohùn. Ohùn mẹ́rin ni Mandarin ní: èyí tó dúró sókè bí ohùn òkè tiwa, èyí tó ń gòkè, èyí tó lọ sísàlẹ̀ kó tó padà, àti èyí tó já wálẹ̀ láti òkè. Àwọn ọmọ wọn sábà máa ń mú ohùn kí wọ́n tó mú àwọn kọ́ńsónáǹtì tó le, bíi zh àti sh, torí náà ẹ má dààmú tí ti yín bá ń gé wọn jẹ. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, mǎi ni rà, mài ni tà, ohùn nìkan ló yà wọ́n. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan Àbẹ̀ní gbé bàtà rẹ̀ kan wá fún kọsítọ́mà kan láti Kumasi, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láyà, ó ní "mài!" Ohùn náà já wálẹ̀ gbàà bó ṣe yẹ kó já. Bàtà lòun ń tà. Etí Yorùbá mi gbé e lójú ẹsẹ̀, inú mi sì dùn débi pé mo gbàgbé iye dọ́sìnnì tí mo ti kà. Bóyá ọmọ ń sọ ọ̀rọ̀ kan ni fọ́ọ̀mù náà ń bèèrè. Kò bèèrè bóyá ó fi ohùn ya irú ọ̀rọ̀ méjì bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀. Fún ọmọ tó ń kọ́ èdè olóhùn méjì pọ̀, ohun ńlá nìyẹn láti fò.

Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa ò ju owó oúnjẹ ọ̀sán èèyàn méjì lọ. Ìdúró ni wàhálà, a lo gbogbo àárọ̀ kan. Tí ẹ bá ń gbé níbí tàbí ní Foshan, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ẹ rí i dájú pé ti Putonghua ni wọ́n gbé sílẹ̀ tó bá jẹ́ pé òun lẹ̀ ń sọ nílé, torí ti Cantonese ní tábìlì tirẹ̀. Kí ẹ sì ti fi ọ̀sẹ̀ kan kọ gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá ẹnu ọmọ sórí fóònù kí ẹ tó lọ. Ẹ má ṣe bíi tiwa, ká máa fi ìka kà níwájú dókítà.

Nígbà tí a padà lọ, oṣù 23 ni Àbẹ̀ní. Lọ́tẹ̀ yìí ọ̀rọ̀ Mandarin ti lé ní 200, Yorùbá ti di 70, a sì dé apá ibi tí wọ́n ti ń bèèrè bóyá ọmọ ti ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Ìyàwó mi fẹ́ dáhùn pé kò tíì máa ṣe é. Màmá ti dìde lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ omi nígbà náà, Àbẹ̀ní sì yọrí lábẹ́ tábìlì, ó na ọwọ́ sí wọn, ó kígbe pé, "Lǎolao, wá!"

Nọ́ọ̀sì gbé bírò dúró. Ó ní kí ni wá? Mo ní òun náà ni lái, kó máa bọ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ fún òun. Mo kọ wá sórí fóònù mi, ó fi ojú ara rẹ̀ kà á, ohùn rẹ̀ gùn lọ sókè bí ti àwọn Ṣáínà. Mo ní rárá, kò gùn, òkè ló dúró sí. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó mi orí, ó kọ wā sí etí fọ́ọ̀mù náà, ó fa àmì rẹ̀ gbọọrọ lórí a, ó wá máàkì pé bẹ́ẹ̀ ni.