Kólò oníyàrá méjì láti ìsọ̀ pákó Bódìjà

Kólò tí wọ́n fi ìṣó kàn pa, tí ẹ ó fi òòlù fọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kó owó inú rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ òbí ṣì ń rà fún ọmọ. Èmi ò fara mọ́ ọn. Èyí tí mo rà lọ́wọ́ káfíńtà kan ní ìsọ̀ pákó Bódìjà, n'Ìbàdàn níbí, ní ilẹ̀kùn, ó ní àgádágodo, ó sì pín sí yàrá méjì. ₦6,500 ni mo san. Èyí tí wọ́n kàn pa jẹ́ ₦3,000 lọ́wọ́ ọkùnrin kan náà. Owó tí mo fi lé e kò dùn mí rárá.

Ọmọ méjì ni mo ń fún lówó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àbúrò, tó jẹ́ ọmọ ọdún 9, ń gba ₦1,000. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní JSS 3 ń gba ₦2,000. Owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ iléèwé kò sí nínú ẹ̀, ojúṣe èmi àti bàbá wọn nìyẹn. Tiwọn ni owó ọ̀sẹ̀ yìí, kí wọ́n fi ra ìpápánu, kí wọ́n fi ra bírò aláwọ̀, kí wọ́n fi ra ẹ̀bùn fún ọ̀rẹ́ wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń náwó, kí wọ́n sì kọ́ bí a ṣe ń fi í pamọ́, nígbà kan náà. Kólò tí wọ́n kàn pa, ìfipamọ́ nìkan ló mọ̀. Ọmọ á máa sọ owó sínú òkùnkùn, kò ní mọ iye tó wà níbẹ̀, kò sì ní lè pinnu nǹkan kan lórí rẹ̀ títí di Kérésì tàbí Iléyá tí bàbá á fi mú òòlù.

Ihò rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Owó bébà, láti orí ₦100 dé ₦1,000, gùn ní mìlímítà 151, ó sì fẹ̀ ní 78. Bí ọmọ bá ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀kan péré, á kù bí ínǹṣì mẹ́ta síbùú sóòró. Ihò kólò mi yìí jẹ́ ínǹṣì mẹ́ta àtààbọ̀, nítorí náà owó ń wọlé láìsí wàhálà. Àwọn tí mo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ihò wọn ò ju ínǹṣì méjì lọ. Ọmọ á ká owó sí mẹ́rin, á ká a sí mẹ́jọ, á máa fi tipátipá tì í wọlé, tí ẹ bá sì máa fi kó o jáde, ó ti rún, òmíràn ti ya lójú ibi tí wọ́n ti ká a. Àwa tá à ń tajà mọ bí oníbàárà ṣe ń fi owó tó ya jani níyàn.

Káfíńtà náà tún gé tíúbù kẹ̀kẹ́, ó fi bo ihò méjèèjì láti inú. Owó á wọlé, kò ní jáde. Ẹni tó bá ti gbé ilé tí ọmọdé pọ̀ sí mọ ọgbọ́n igi ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi ṣingọ́ọ̀mù sí lórí. Àbúrò dán an wò lójú mi: ṣingọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ rọ́bà, igi ìgbálẹ̀ kán, owó ò tẹ̀lé e.

Yàrá ọ̀tún ni ti ìfipamọ́, gíláàsì sì wà níwájú rẹ̀. Ti òsì ni ti ìnáwó, pákó ni wọ́n fi bo ìyẹn. Alẹ́ Sátidé ni mo máa ń fún wọn lówó, ní ₦100 àti ₦200, torí odindi ₦1,000 kò ṣeé pín. Àbúrò á tẹ́ tirẹ̀ sórí ẹní. Á fi ₦200 sọ́tùn-ún, á fi ₦100 sósì, á wo gíláàsì, á tún mú ti òsì dání.

“Mọ́mì, tí mo bá fi èyí náà sọ́tùn-ún, ṣé á tó ra bọ́ọ̀lù kí a tó wọlé?”

Mo ní kó ṣírò ẹ̀. Ó ṣe é sẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀, ó rí i pé kò lè tó. Ó dá ₦100 náà padà sósì, ó ní òun á ṣì máa jẹ dòdò Ìkirè òun ní tòun. Ohun tí mo torí ẹ̀ rà á gan-an nìyẹn. Ọmọ náà pinnu fúnra rẹ̀, ó sì mọ ìdí tó fi pinnu bẹ́ẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ méjì ló bá àgádágodo wá. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, èkejì wà lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Mo mọ̀ọ́mọ̀ má fi ìkankan sọ́wọ́ ara mi. Aṣọ ọmọdé ni mo ń tà ní Gbági Tuntun, ṣéńjì sì máa ń wọ́n láàárọ̀ Mọ́ńdè. Bí mo bá nílò rẹ̀, mo máa gbé ₦1,000 kalẹ̀, ọmọ fúnra rẹ̀ á ṣí kólò, á ka ₦200 márùn-ún lé mi lọ́wọ́, á sì fi ₦1,000 náà rọ́pò. Ìyá máa ń jókòó tì wọ́n. Ta ni kò mọ “gbé e wá, jẹ́ kí n bá ẹ tọ́jú ẹ̀” tí òbí máa ń sọ bí àlejò bá fún ọmọ lówó ọdún? Owó náà kì í padà wá. Ọmọ tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ á wá máa fi owó pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀, ẹ ò ní mọ iye tó ní mọ́, ẹ ò sì ní lè tọ́ ọ sọ́nà lórí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é fún wọn.

Ilẹ̀kùn yìí wúlò fún nǹkan míì. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, kéde pé àwọn máa pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000, wọ́n sì fún wa di ìparí oṣù Kínní ọdún 2023 láti kó ti àtijọ́ lọ sí báńkì, kí wọ́n tó sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé kí a ṣì máa ná ti àtijọ́. Kólò tí wọ́n kàn pa kò láàánú ẹnikẹ́ni lásìkò yẹn, àfi kí wọ́n fọ́ ọ.

Alájọ á yọ owó ọjọ́ kan nínú oṣù, kólò kì í yọ nǹkan kan, àmọ́ kì í fi nǹkan kan kún un náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, NBS, àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀, ní iye owó ọjà fi 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Bí ọmọ bá fi ₦10,000 sínú kólò fún ọdún kan lásìkò bẹ́ẹ̀, ohun tó fẹ́ rà ti sá fún un. Ìdí nìyí tí a fi máa ń ṣí tiwa ní ìparí táàmù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ra ohun tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ fi pamọ́, ìyókù á lọ sí báńkì.

Fún ẹ̀gbọ́n, kí n sọ òótọ́, kólò ti kéré. Ọmọ tó ti ń lọ ọjà fúnra rẹ̀, tó ń ra káàdì ìpè, nílò àkáǹtì ọmọdé. BVN òbí, ìwé ìbí àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ni báńkì wa béèrè. Láti ọdún 2024, NDIC, àjọ ìjọba tó ń dójútòfò owó báńkì, dúró fún owó tó bá wà ní báńkì ńlá títí dé mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Yàrá òsì nìkan ló ṣì ń lò nínú kólò, fún owó ọwọ́.

Àléébù rẹ̀ wà. Káfíńtà kò fi sáńpépà ra etí ilẹ̀kùn dáadáa, èmi ni mo ra á nílé. Àgádágodo tó bá a wá kò lágbára, ó ti ń dípẹtà kí òjò tó dá, mo sì ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Plywood ni ẹ̀yìn rẹ̀, ikán sì fẹ́ràn plywood àti owó bébà bákan náà. Mo ju káńfọ̀ sí yàrá méjèèjì, mo sì gbé e sórí tábìlì, kò kan ògiri.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà láàárín ọdún 6 sí 12, kó rà á. Tí ẹ bá dé ìsọ̀ náà, ẹ mú ₦1,000 kan jáde, ẹ ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi wọ ihò náà kí ẹ tó dúnàádúrà. Bí kò bá wọlé, ẹ ní kí wọ́n gbẹ́ ihò náà fẹ̀ sí i, wọ́n á ṣe é níṣojú yín.