Ilé Olórùlé Koríko ní England: Onígi Suffolk Ni Àbí Alámọ̀ Devon?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé àtijọ́ olórùlé koríko ní England yóò pàdé oríṣi méjì yìí dáadáa: onígi ti Suffolk, ní ìlà oòrùn, àti alámọ̀ ti Devon, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Láti òde, wọ́n lè jọra. Ohun tó gbé òrùlé dúró ló yàtọ̀, òun sì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Nínú ilé onígi, férémù óákù, igi líle kan, ló ń ru ẹrù. Wọ́n gbẹ́ ihò sára igi kan, wọ́n gbẹ́ ahọ́n sára èkejì, wọ́n sì fi èèkàn igi há wọn mọ́ra. Ọ̀pá wẹ́wẹ́ tí wọ́n hun, tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́, ló kàn dí àlàfo. Irú rẹ̀ ni ilé àwọn òbí Anne Hathaway, ìyàwó Shakespeare, ní Shottery, lẹ́bàá ìlú Stratford: iná jó o ní 1969, wọ́n tún un ṣe, ó sì wà níbẹ̀ dòní. Igi tó bá jẹrà ṣeé gé kúrò, kí wọ́n fi tuntun so ó.

Ti Devon, ògiri fúnra rẹ̀ ló ru òrùlé. Amọ̀ àti koríko tí wọ́n fi ẹsẹ̀ pò ni, ìpele lórí ìpele, bí àwọn bàbá wa ṣe ń mọlé, lórí ìpìlẹ̀ olókùúta. Ó máa ń nípọn tó 60 sẹ̀ǹtímítà, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ tutù nígbà ooru, ó dùn ún gbé.

Òrùlé ló ń ba àwọn olùrà lẹ́rù jù. Èmi kò kà á sí èyí tó léwu jù. Òrùlé ìféefé inú omi lè lo 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀. Pòròpórò àlìkámà, tó wọ́pọ̀ ní Suffolk, bíi 15 sí 25. Owó ńlá ni, àmọ́ ẹ lè múra sílẹ̀ fún un.

Sìmẹ́ńtì ni kí ẹ bẹ̀rù. Ògiri àtijọ́ ń mí: omi inú rẹ̀ ń gbẹ jáde. Láìmù, ohun ìrẹ́lé tí wọ́n fi òkúta ẹfun sísun ṣe, ló bá a mu. Bí ẹnì kan bá ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, omi há sínú. Igi ìsàlẹ̀ ilé onígi yóò jẹrà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ọ̀bẹ lásán gún un, ẹ ó mọ̀. Ìbàjẹ́ ti ilé alámọ̀ lè fara pamọ́ títí ògiri yóò fi ya lulẹ̀. Nítorí náà, onígi ni mo máa ń gba ẹni tó ń rà fún ìgbà àkọ́kọ́ níyànjú sí.

Nínú méjèèjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ihò èéfín wò kí ẹ tó bá ilé-iṣẹ́ adójútòfò sọ̀rọ̀. Bí ilé bá wà lábẹ́ ààbò òfin, ẹ béèrè ìwé àṣẹ gbogbo àtúnṣe tí wọ́n ti ṣe sí i: káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, lè ní kí ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á tún ohun tí ẹlòmíràn bàjẹ́ ṣe.