Katapílà Tòkunbọ̀: Èyí Tó Ní Asẹ́ Eéfín àti Èyí Tí Kò Ní

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra katapílà tòkunbọ̀ fún iṣẹ́ òkúta ní Ọdẹ́dá tàbí fún gbígbẹ́ ìpìlẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ eéfín kí ẹ tó béèrè iye owó. Orúkọ ìpele òfin eéfín ẹ́ńjìnnì ni Tier, ti Amẹ́ríkà ni; Tier 3 ni ti àtijọ́. Tier 4 Final dé ní nǹkan bí 2014, Stage V, ìpele òfin eéfín ti Yúróòpù, sì bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Ìdí sàlẹ́ńsà ni ìyàtọ̀ wọn wà.

Ìtọ́jú Tier 3 kò le: dísẹ̀lì, ọ́ìlì, fílítà. Mẹkáníìkì Láfẹnwá tó bá mọ ẹ́ńjìnnì dáadáa lè tún un ṣe. Àmọ́ eéfín rẹ̀ dúdú, àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ló ń fà á símú látàárọ̀ dalẹ́. Ó ń dùn mí.

Púpọ̀ nínú Tier 4 àti Stage V máa ń fi asẹ́ gba èédú eéfín yẹn. Bí asẹ́ bá kún, ẹ́ńjìnnì á mú un gbóná tó nǹkan bí 600°C kí èédú náà lè jóná. Bí iṣẹ́ bá le, ó lè jóná fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n katapílà tó kàn ń kùn níbi tó ti ń dúró de típà kì í gbóná tó. Iná á tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹni tó ń wà á á sì ní láti dá iṣẹ́ dúró kó jẹ́ kí èédú náà jóná. Bó bá ń pa á tì, ẹ́ńjìnnì á dín agbára ara rẹ̀ kù, á máa wọ́ bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ó sì di ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì tó ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ ẹ́ńjìnnì wò. Eérú ọ́ìlì kì í jóná ní tirẹ̀, nítorí náà ọ́ìlì tí eérú rẹ̀ kéré, tí wọ́n kọ CJ-4 tàbí CK-4 sí lára, ni kí ẹ lò.

Ohun mìíràn tó ń ba ètò asẹ́ yìí jẹ́ ni imí ọjọ́ inú dísẹ̀lì. Imí ọjọ́ inú dísẹ̀lì tí wọ́n ṣe é fún kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n 15 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ta ló mọ èyí tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì ẹ̀bá títì?

Púpọ̀ nínú àwọn Tier 4 tún ń mu AdBlue, omi tí ẹ́ńjìnnì ń fún sínú eéfín láti dín gáàsì olóró rẹ̀ kù: ìdá 32.5 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ yúríà, ìyókù omi tó mọ́ gaara. Ẹ má ṣe fi ajílẹ̀ àti omi ẹ̀rọ pò ó nílé. Nínú ooru 35°C, kì í lò ju nǹkan bí oṣù mẹ́fà lọ, ẹ fi í sí ibòji. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ṣì í dà sínú táńkì dísẹ̀lì, ẹ má ṣe síná rárá.

L'Ékòó, ẹnì kan búra fún mi pé asẹ́ katapílà òun pé. Mo ti ìka bọ ẹnu páìpù eéfín, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Níbi tí asẹ́ bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹnu páìpù kì í ní èédú. Wọ́n ti gé e kúrò, tàbí kó ti fọ́.

Tèmi ni pé, bí katapílà yín bá jẹ́ ẹyọ kan, tó jẹ́ kẹ́ẹ̀gì lẹ fi ń ra dísẹ̀lì, Tier 3 ni kí ẹ rà. Ẹni tó ní táńkì tirẹ̀, tí orísun dísẹ̀lì rẹ̀ dá a lójú, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì le lójoojúmọ́, kó ra Tier 4. Kí ó tó sanwó, kí wọ́n gbé e síbi tí kò sí koríko gbígbẹ, kí wọ́n jó asẹ́ náà lójú rẹ̀, kó sì dúró tì í títí iná dáṣíbọ́ọ̀dù yóò fi kú.