Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ìdóòlà fún Aṣáájú Ẹgbẹ́ Oníṣíkì: Ó Dára, Ṣùgbọ́n Ó Kù Díẹ̀

Àwọn olùkọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, tó wà fún àwọn tó ń ṣáájú ẹgbẹ́ oníṣíkì (àwọn tó ń fi pátákó ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín òkè), mọ iṣẹ́ ìdóòlà dunjú. Wọ́n mú un yé wa pé bí yìnyín bá ya lulẹ̀ láti orí òkè, tó sì bo ènìyàn mọ́lẹ̀, ìrètí pé a óò bá a láàyè máa ń dínkù gidigidi lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, nítorí náà àwọn tí wọ́n jọ jáde gan-an ni olùdóòlà rẹ̀, kì í ṣe hẹlikọ́pítà. Nígbà ìdánrawò, ẹnìkan gbàgbé láti yí ẹ̀rọ àyà rẹ̀ (ẹ̀rọ kékeré tó ń fi àmì ránṣẹ́ kí a lè rí ẹni tí yìnyín bò, tó sì tún lè wá àmì ẹlòmíràn) kúrò ní ìfiránṣẹ́ sí ìwákiri, ni ẹ̀rọ àwọn yòókù bá ń darí wọn sọ́dọ̀ rẹ̀. Aṣáájú tó dúró sẹ́yìn, tí kò fọwọ́ kan ṣọ́bìrì rárá, ló tètè fura. Ẹ̀kọ́ yẹn nìkan tó owó tí a san.

Ibi tí wọ́n ti fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú nǹkan ni ìpinnu tó yẹ kó ṣáájú ewu: ta ló láṣẹ láti ní kí a padà, báwo sì ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ ṣe lè sọ̀rọ̀ níwájú àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ú lọ? Ọ̀rọ̀ ńlá nìyí, wákàtí kan péré, ní ìrọ̀lẹ́ tó ti rẹ gbogbo wa, ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un.