Mílíìkì Tútù Tàbí Oníyẹ̀fun: Èwo Ni Kí Oníyọ́gọ́ọ̀tì Rà?

Ẹ̀yin tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe yọ́gọ́ọ̀tì tà, ẹ máa ń bi mí pé èwo ló dáa jù, mílíìkì tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lára màlúù, tàbí oníyẹ̀fun inú àpò. Mo ti fi méjèèjì ṣe é n'Íbàdàn. Ti iye owó, ọjà á sọ fún yín. Èyí tó jẹ mí lówó ni n ó sọ.

Ní ti adùn, tútù ló lékè. Ní ti ìpamọ́, oníyẹ̀fun ni, torí àpò tí a ò tíì ṣí á wà fún ọ̀pọ̀ oṣù, tútù sì lè kan kó tó délé.

Ṣé yóò dì? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Láátóòsì, ìyẹn ṣúgà tó wà nínú mílíìkì fúnra rẹ̀, nǹkan bíi gíráàmù 5 nínú 100, ni bakitéríà inú sítátà, èyí tí a ń pò mọ́ mílíìkì kó lè di yọ́gọ́ọ̀tì, ń jẹ. Wọ́n á sọ ọ́ di ásíìdì, ásíìdì yẹn ló ń mú kí yọ́gọ́ọ̀tì kan, kó sì dì. Ohun tó bá pa bakitéríà wọ̀nyẹn ti pa ọjà yín.

Mo ra lítà 20 lọ́wọ́ darandaran kan lọ́nà Ìsẹ́yìn. Mo gbé e kaná títí ó fi dé 85 lórí tẹmómítà Celsius, mo mú un dúró síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo jẹ́ kó lọ sílẹ̀ dé 43, mo po sítátà mọ́ ọn, mo sì gbé e sínú kúlà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ṣí i, omi ni. Mo tọ́ ọ wò, kò kan rárá. Mo dà á nù, mo ní sítátà ló ti kú. Mo tún lọ ra 20 mìíràn, bákan náà ni. Àmọ́ sítátà kan náà dì kinkin nínú ife oníyẹ̀fun kan tí mo fi dán an wò.

Mo padà lọ. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fún àwọn màlúù yín?" Wọ́n mú ìgò kékeré kan jáde, ọmọrí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. "Ìyá, ọmú méjì nínú wọn ló wú, a gún wọn lábẹ́rẹ́." Pẹnisílíìnì ni, oògùn tó ń pa bakitéríà, títí kan ti inú sítátà. Iye ọjọ́ tí wọn ò gbọ́dọ̀ ta mílíìkì wọn wà lára ìgò náà, lẹ́tà rẹ̀ kò tóbi ju èèrà lọ. Kò sẹ́ni tó kà á fún bàbá náà rí, wọ́n sì ti da ti gbogbo agbo pọ̀. Síse ń pa kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ti brucellosis, àrùn kan tí èèyàn lè kó lára màlúù, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọdọ̀ fi ṣeré, ṣùgbọ́n kò rí pẹnisílíìnì gbé ṣe. Ẹni tí oògùn náà kì í bá lára mu sì lè mu ún láìmọ̀.

Tí tútù bá wù yín, ẹ béèrè abẹ́rẹ́, kí ẹ sì kọ́kọ́ fi ife kan dán an wò kí ẹ tó ra púpọ̀. Ẹ ra lakitómítà pẹ̀lú, á tú àṣírí omi tí wọ́n bù mọ́ ọn.

Oníyẹ̀fun náà ní tirẹ̀. Lọ́dún 2008 ní Ṣáínà, wọ́n po kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ melamine mọ́ mílíìkì, ọmọ ọwọ́ mẹ́fà kú, nǹkan bí 300,000 sì ṣàìsàn. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ń wọ̀n sínú ọ̀rá lójà. Ẹ ra àpò tí wọ́n lẹ̀ pa, tó ní nọ́ńbà NAFDAC, kí ẹ sì ka ẹ̀yìn rẹ̀: tí wọ́n bá kọ òróró ewébẹ̀ síbẹ̀, ọ̀rá màlúù ti kúrò nínú rẹ̀ nìyẹn. Á dì, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ ò rí bákan náà.

Méjèèjì ló dára lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ní darandaran tó fọkàn tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, kó lọ bá a. Ní tèmi, gíráàmù 130 oníyẹ̀fun sínú lítà omi kan ni mò ń pò láràárọ̀, ọjọ́ Ẹtì ni mo sì ń lo tútù, lẹ́yìn tí ife ìdánwò bá ti dì.